Mo kó gbogbo oògùn mi sínú àpò kan, mo gbé e lọ bá apòògùn

Oògùn mẹ́jọ àti ọ̀rá àgúnmu kan ni mo dà sórí tábìlì obìnrin apòògùn kan, ìyàwó mi jókòó tì mí. Àyẹ̀wò àpò oògùn ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà: wàá kó gbogbo ohun tí ò ń gbé mì wá látilé, apòògùn á sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ ológun ti ń béèrè bóyá ó yẹ kéèyàn torí ẹ̀ gbàyè níbi iṣẹ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Màá sọ ibi tí ìkarùn-ún gbà.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Texas ni mò ń gbé. Ètò MAVNI ni mo bá wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009 láti gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èdè wa ò lè bọ́ èèyàn, ẹ gbọ́ o.) Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà ní Afghanistan. Ohun tí mo rí lójú títì Kandahar, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, oorun kọ̀ mí, bí ẹnikẹ́ni bá sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀. Wọ́n ní PTSD ni, àìsàn ọkàn tó máa ń bá ẹni tójú rẹ̀ ti rí ohun ẹ̀rù.

Sertraline ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ó sì ràn mí lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun àti paroxetine nìkan ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní pàtó fún àìsàn yìí. Lẹ́yìn náà ni trazodone dé nítorí oorun, prazosin tẹ̀ lé e nítorí àlákálàá. Dókítà mìíràn níbòmíràn fi clonazepam kún un nítorí ìpayà. Ẹlòmíràn tún kọ tramadol fún ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Kò sí ìkankan nínú àwọn dókítà náà tó rò mí ní ibi. Oníkálùkù wo ibi tó kàn án, ó kọ ìwé oògùn, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èmi náà ò sì sọ fún eléyìí ohun tí tọ̀hún kọ. Sójà kì í rojọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ tramadol, àárọ̀ Sátidé, mo fẹ́ bu ògì sínú ife. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé orí sítóòfù ni ògì ń dà sí. Òógùn bò mí bí ẹni tó ń gúnyán nínú oòrùn. Mo ti yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹrin kílẹ̀ tó mọ́, ọbẹ̀ àná ni mo dá lẹ́bi. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ̀rọ̀. Ní ẹ̀ka pàjáwìrì, dókítà ọ̀dọ́ kan gbá àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú, ó tì í sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́wọ́ rẹ̀, gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n, èmi ò rán an níṣẹ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kí ni gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò?"

Sertraline ń mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ serotonin pọ̀ nínú ara. Trazodone ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà tiẹ̀. Tramadol tí gbogbo wa mọ̀ sí oògùn ìrora náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ó lè kún àkúnya: ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, orí á dàrú, iṣan á máa fò. Ó ń pani. Alẹ́ méjì ni wọ́n fi dá mi dúró, wọ́n sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò àpò oògùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró kó tó kàn mí. Ẹ̀dín àkọ́kọ́ nìyẹn.

Obìnrin apòògùn náà kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń ṣí ìgò, ó ń ka hóró tó kù, ó ń béèrè: "Ìgbà wo lẹ lo eléyìí kẹ́yìn? Kí ló dé tí ogún fi ṣẹ́kù?" Hóró tó kù ló tú mi fó, torí mo ti sọ pé mò ń lò ó lójoojúmọ́. Nígbà tó dé orí clonazepam, ó gbé e sọ́tọ̀ pẹ̀lú tramadol, ó ní méjèèjì ló ń mú kí mímí falẹ̀ lójú oorun. Láti 2016 ni FDA ti ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára irú oògùn méjèèjì nípa lílò wọ́n pọ̀. Ìtọ́sọ́nà tí VA, àjọ tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, àti ilé-iṣẹ́ ológun gbé jáde ní 2023 tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n má fi ìdílé clonazepam tọ́jú PTSD rárá, àti pé ìtọ́jú tó jẹ mọ́ ìjíròrò ló yẹ kó ṣíwájú oògùn. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dà á nù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ẹni tó bá já clonazepam lójijì lè bẹ̀rẹ̀ gìrì. Òun àti dókítà mi jọ ṣètò bí a ó ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí mo délé ni mo kà nípa Jason Simcakoski, ọmọ ogun Marine tó kú ní Oṣù Kẹjọ 2014 nílé ìwòsàn Tomah ní Wisconsin. Ẹni ọdún 35 ni, àpapọ̀ oògùn ló pa á. Ní 2016 ni wọ́n ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí Kandahar.

Ó wá béèrè: "Kí lẹ̀ ń lò tí kì í ṣe dókítà ló fún yín?" Mo ní kò sí. Ìyàwó mi ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé ọ̀rá àgúnmu Màmá mi kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Egbò asofẹ́yẹjẹ ni, èyí tí wọ́n fi ń pẹ̀rọ̀ sí ẹni tí orí rẹ̀ bá gbóná. Ṣíbí kékeré kan nínú ẹ̀kọ lálaalẹ́. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n pe orúkọ rẹ̀, a jọ wá a, a rí i: Rauvolfia vomitoria. Ó ní reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó yọ lára ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà ní 1952, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti wèrè nígbà náà. Ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Prazosin náà ń fà á wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi ṣú lóru ọjọ́ kan tí mo dìde tọ̀, tí mo sì bá ara mi nílẹ̀ balùwẹ̀ pẹ̀lú agbárí tó wú. Àfi kó tún gbé ìgò kẹjọ sókè, sildenafil, oògùn ọkùnrin. Òun náà ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Ìyàwó mi ń wo àjà. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kó o dání, ìtìjú kì í ṣe ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mẹ́rin ni mo ń lò báyìí, ọ̀kan nínú wọn sì ń lọ sílẹ̀.

Ibi tí ìràwọ̀ karùn-ún gbà: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ fún mi, àádọ́ta ló sì gbà, torí náà bí ẹ bá ń gba ọjọ́, ẹ béèrè fún wákàtí kan. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ fún mi kò dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀yìn mi fúnra rẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ mi gbé e lọ. Ẹ̀rọ ló sì ń dáhùn nọ́ńbà wọn lópin ọ̀sẹ̀. Ológun tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú lóru ní Amẹ́ríkà níbí, 988 ni kó pè kó sì tẹ 1, èèyàn ló ń gbé ìyẹn.

Màmá mi pè lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. "Àkànní, ṣé àgúnmu yẹn ti tán, kí n fi òmíràn rán ẹni tó ń bọ̀?" Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rán an mọ́." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?" Mo ní, "Ó ṣiṣẹ́, Màmá. Ó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ." Ẹ̀gúsí ni wọ́n fi rán an.