Oṣù Mẹ́wàá Pẹ̀lú Tailscale: Bí Mo Ṣe Ń Ti Ìbàdàn Wọ Server Tó Wà Nílé Wa ní Òṣogbo

Raspberry Pi 4 kan (kọ̀ǹpútà kékeré tí mo ń pè ní Pi, òun ni server wa) wà ní pálọ̀ ilé wa nítòsí Ọlá-Ìyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter. Àwòrán ìgbéyàwó àwọn oníbàárà mi, àti ti ọdún Ọ̀ṣun láti 2018, ló kún orí hard disk rẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, nítorí náà bí oníbàárà bá ní kí n tún àwòrán òun fi ránṣẹ́, àfi kí n fi SSH, ọ̀nà tí a fi ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀.

Kí n tó mọ Tailscale, ètò tó ń so àwọn ẹ̀rọ ẹni pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú mi rí màbo. Nínú ilé, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé Ìbàdàn, màá tẹ àṣẹ, kọ̀ǹpútà á dákẹ́ lọ gbári, á wá kọ "Connection timed out". Mo ṣí port 22, ẹnu ọ̀nà tí SSH ń gbà, lórí router, mo tì í, mo tún un ṣí. Mo pe àwọn tó ń ta dátà fún wa lẹ́ẹ̀mẹrin. "Ẹ pa router, ẹ tún un tàn" ni gbogbo ìdáhùn wọn. Ọjọ́ tí mo fara balẹ̀ wo inú router yẹn ni mo rí i pé 100.72 ni àdírẹ́sì tí wọ́n fún un fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tí ayé ń rí lóde yàtọ̀ pátápátá. Láti 100.64 dé 100.127 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2012 fún irú èyí: ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n kó sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dúró síta tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn, ta ni yóò mọ ilé tó ń wá? Kò sí ohun tí mo lè ṣí lórí router tèmi tó lè tún un ṣe.

Pẹ̀lú Tailscale, Pi fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ pàdé laptop mi. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá kanlẹ̀kùn. Mo tẹ "sudo tailscale up", ó gbé línkì kan jáde, mo fi àkáǹtì Google mi ṣí i lórí fóònù, mo sì ṣe bákan náà lórí laptop. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ní Bódìjà, mo tẹ àṣẹ, ó béèrè password. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró.

Eré rẹ̀ kì í dọ́gba. Bí "tailscale status" bá kọ "direct", ìyẹn ni pé ẹ̀rọ méjèèjì so pọ̀ tààrà, wẹ́rẹ́ ni fáìlì ń wọlé. Bí ó bá kọ relay "fra", ìyẹn server alágbàtà, a jẹ́ pé àwòrán tó ń ti Òṣogbo bọ̀ ní Ìbàdàn gba Frankfurt ní Jámánì kọjá. Àwòrán ẹyọ kan ṣì ṣeé gbà. Odindi álíbọ́ọ̀mù, òru ni mo máa ń fi í sí.

Kì í ṣe gbogbo àrùn ló ń wò, ẹ má ṣì mí gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí iná ń ṣe ségesège, timed out tún dé. "Offline" ni status kọ síwájú orúkọ Pi, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà mọ́. Mo pe àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iná pupa ń tàn. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin, á dúró, á tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin."

Ìyẹn ni pé Pi kò rí fáìlì tó fi ń jí lórí memory card. Mo ra òmíràn, mo tún fi gbogbo ètò Pi sórí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, igbe wá yí padà: "Connection refused", lójú ẹsẹ̀. Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí mo ti dé ilé náà, ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ni kò sí. Láti 2016 ni wọ́n ti ń pa SSH lórí ẹ̀rọ yìí títí ẹ ó fi tàn án fúnra yín. Bí ẹ bá sì rí "Permission denied (publickey)", lórí Pi, ẹ fún fódà .ssh ní 700, kí ẹ fún authorized_keys, fáìlì tó ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ SSH, ní 600, kí ẹlòmíràn má lè ṣí wọn.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ tètè ṣe: lẹ́yìn ọjọ́ 180 ni Tailscale máa ń ní kí ẹ̀rọ tún wọlé. Fún Pi tó dá wà nílé, mo ti pa ètò yẹn.

Èmi ò tíì san kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí n tó gba gáréèjì lọ, mo máa ń yọ laptop mi kúrò lórí Wi-Fi ilé, màá tan hotspot fóònù mi fún un, màá sì wọ Pi lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá ṣí, mo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.