Ilé Oúnjẹ Lẹ́bánónì Kan ní Edgware Road: Ohun Tí Ó Yẹ Ní Jíjẹ Níbẹ̀

Ẹni tí ó bá ń wá oúnjẹ Lárúbáwá ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní béèrè títí kí wọ́n tó júwe Edgware Road fún un, ìyẹn títì gbọọrọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Marble Arch tí ó sì gba ìhà àríwá lọ sí Maida Vale. Ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà ní apá ìsàlẹ̀ títì náà, níbi tí àkọlé Lárúbáwá ti pọ̀ jù lọ lójú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará Lẹ́bánónì ni wọ́n sì ni ín. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ìyìn àti àbùkù tí mo rí níbẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní títì kan náà, kò sì tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo jìyà ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wọn.

Búrẹ́dì wọn nìkan tó ohun tí a ń tìtorí ẹ̀ lọ. Láti inú ààrò ni wọ́n ti ń gbé e wá tààrà, ó wú, ó fẹ́lẹ́, bí a bá sì fi ìka ya á, ooru inú rẹ̀ yóò tú síni lójú. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, bí ó bá sì tán, wọn a gbé òmíràn wá láìjẹ́ pé ènìyàn béèrè. Hummus ni kí a fi jẹ ẹ́: ẹ̀wà chickpea tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú yànmọ̀tí, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tí wọ́n wá tẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, tí òróró ólífì sì dúró láàárín rẹ̀. Ìgbá tí wọ́n sun lórí èédú kí wọ́n tó gún un náà dára, òórùn èéfín kò sì bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ti tabbouleh, ìyẹn sàláàdì ewé parsley tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ewé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àlìkámà kò ju ìwọ̀nba lọ. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí gan-an nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá Gẹ̀ẹ́sì máa ń dà á rú.

Ọ̀rọ̀ ẹran gba àlàyé. Ẹran àgùntàn tí wọ́n fi irin gún sun lórí èédú rọ̀, ó sì lómi nínú, ṣùgbọ́n kò sí yájì lára rẹ̀, ẹni tí ó bá gbé ẹnu sùúyà lọ síbẹ̀ yóò kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti gbàgbé nǹkan kan. Bákan náà ni ṣàwámà. Èyí tí àwa mọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Kóráà ní Èkó àti Ìbàdàn ti di ti wa, pẹ̀lú mayonnaise àti sọ́séèjì. Ti ibí yìí kò ní ju ẹran, ewébẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan àti ọbẹ̀ aáyù tàbí ti yànmọ̀tí lọ. Èmi fara mọ́ ti ibí yìí, àwọn ọmọ mi kò gbà fún mi.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ìwé oúnjẹ wọn, tí ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì ti ń wá sí àdúgbò yìí láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè. Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ga ní 1973, àwọn olówó ilẹ̀ Kùwéètì àti Saudi bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Ogun abẹ́lé Lẹ́bánónì tí ó jà láti 1975 di 1990 lé ọ̀pọ̀ oníṣòwò wá. Àwọn ará Ìráàkì tí ń sá fún ìjọba Saddam Hussein àti àwọn ará Algeria tí wàhálà lé kúrò nílé lẹ́yìn 1990 sì tẹ̀ lé wọn. Ìkànìyàn ọdún 2011 ni ó kọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ fún Lárúbáwá láti fi ara wọn hàn. Nígbà tí yóò fi di 2021, àwọn tí ó fi àmì síbẹ̀ ní England àti Wales jẹ́ 331,844. Kò sí ìwé oúnjẹ kan tí ó lè tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n ilé yìí ń gbìyànjú rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣìṣe. Couscous, ìyẹn hóró àlìkámà wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Mòrókò àti Algeria ń fi ọbẹ̀ jẹ, tí wọ́n gbé fún wa lẹ̀ mọ́ra, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ṣàn bí omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó dára, kí ó lọ sí Golborne Road ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ará Mòrókò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ìlú Larache, ti tẹ̀dó láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni agbáwo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ìgboro ni wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń ké sí ilé ìdáná, ẹsẹ̀ wọn sì yá. Ó wù mí kí àwọn tí ó ni búkà wa ní Peckham wá wò bí oúnjẹ ṣe ń tètè dé orí tábìlì. Wọ́n gbé tíì fún bàbá arúgbó kan kí wọ́n tó dá wa lóhùn, bẹ́ẹ̀ àwa ni a kọ́kọ́ wọlé. N kò rí ìyẹn bí àìdára. Èyí tí mo rí bí àìdára ni ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi lé owó wa láìsọ, gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ àwọn agbáwo. Láti oṣù Kẹwàá 2024, òfin ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ni irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn pátápátá, nítorí náà mo san án, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn lè ní kí wọ́n yọ ọ́.

Kí ẹ jókòó sínú lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2007 tí òfin ti lé èéfín kúrò nínú ilé, ìta ni àwọn tí ń fa ṣíṣà, ìyẹn tábà tí a ń fi ìkòkò olómi fà, ń jókòó sí, èéfín wọn sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní àsìkò ìṣínu Ràmàdáànì, ẹ má lọ láìgba àyè sílẹ̀. Ibùdókọ̀ ojú irin méjì ni ó ń jẹ́ Edgware Road, ṣùgbọ́n Marble Arch ni ó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ohun tí ènìyàn méjì jẹ yó kò dín ní 60 pọ́n-ùn, ó sì tọ́ sí i bí ẹ bá dúró sórí búrẹ́dì, àwọn àwo tútù àti ẹran èédú. Ẹ má ra baklava wọn, ìyẹn àdídùn oníyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀pà òyìnbó sí nínú. Ṣọ́ọ̀bù aládìídùn wà nítòsí tí ó ń ṣe tirẹ̀ lójoojúmọ́, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì tiwọn.