Fóòmù tàbí òwú gíláàsì nínú ògiri ọkọ̀ ẹrù ojú irin, kí ooru má baà gba ibẹ̀ kọjá?
Fún ọkọ̀ ẹrù tútù, fóòmù polyurethane ni kí ẹ mú. Ìwọ̀n ooru tó ń gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ nǹkan bí 0.025 W/mK, ti òwú gíláàsì sún mọ́ 0.04; bí iye yìí bá ṣe kéré tó ni ooru tó ń kọjá ṣe ń dín kù. Òwú a máa fa omi mu, ìgbọ̀njìgbọ̀n ojú irin sì lè mú un rọ̀ wálẹ̀, kí òkè ògiri ṣófo. Àmọ́ ẹ nu irin náà gbẹ kí ẹ tó fọ́n fóòmù sí i: bí epo tàbí omi bá wà lára rẹ̀, fóòmù á ṣí kúrò.

Ti ọkọ̀ tó ń gbé ọ̀dà títì yàtọ̀ pátápátá. Ooru ọ̀dà lè kọjá 150°C, èyí tó máa ń ba fóòmù jẹ́. Òwú gíláàsì ló tọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú páànù tí òjò kò lè gba ojú ìsopọ̀ rẹ̀ wọlé.