Dáìsì onírin tàbí oníke?
Ní ti ẹwà, onírin ló gba iwájú. Ó wúwo lọ́wọ́, ó ń dán gbinrin. Àmọ́ onírin olójú 20, èyí tó ní ojú ogún dípò mẹ́fà, lè dá ọgbẹ́ sára tábìlì onígi, àfi kí ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Oníke fúyẹ́, kò sì wọ́n. Bí ayò yín bá ń fẹ́ kí ẹ da dáìsì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, oníke ni kí ẹ mú. Ta ló fẹ́ gbọ́ ariwo irin mẹ́wàá lóru?

Àwọn kan ní onírin kì í ṣojúsàájú, pé ojú kankan nínú rẹ̀ kì í wá sókè ju èkejì lọ. N kò gbà. Kí gbogbo ojú dáìsì dọ́gba, kí afẹ́fẹ́ má sì há sínú rẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì, ìbáà jẹ́ irin tàbí ike. Oníke lèmi ń lò. Ti fáàrí ni onírin.