Àgbéyẹ̀wò Aṣọ Kàràté Áúnsì 14 Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́rin Lára Mi

Nígbà tí Ryo Kiyuna, ọmọ Okinawa, erékùṣù kan ní Japan, gba góòlù kata (ìṣísẹ̀ kàràté tí a ti tò sílẹ̀, tí èèyàn ń ṣe láìsí alátakò) ní Òlíńpíìkì Tokyo ní ọdún 2021, kò sí òǹwòran nínú gbọ̀ngàn nítorí àrùn kòrónà, mo sì ń gbọ́ ìró aṣọ rẹ̀ ketekete bí ó ti ń ju ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì búráùn ni mò ń so nígbà náà. Ìró yẹn ló mú mi tọ́jú owó títí mo fi ra aṣọ yìí: òwú pọ́ńbélé, èyí tí wọ́n ń pè ní áúnsì 14 nítorí bí aṣọ rẹ̀ ṣe wúwo tó, tí wọ́n rán fún àwọn tó ń ṣe kata. Òun ni mo wọ̀ lọ sí ìdánwò bẹ́líìtì dúdú, òun náà ni mo sì ń wọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lónìí.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo lò ṣáájú máa ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn bí òógùn bá ti bò mí. Èyí kì í lẹ̀ mọ́ni. Ó dúró gbagidi, atẹ́gùn sì ń ráyè wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá parí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìbàdí, tí ọwọ́ kejì sì ti padà sí ẹ̀gbẹ́ bó ti yẹ, apá aṣọ á dún gbàà. Bí ìbàdí bá pẹ́ lẹ́yìn, ṣe ni yóò dákẹ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé nígbà tí mo bá ń dá ṣe ìdánrawò ní kùtùkùtù, tí kò sí ẹni tó ń wò mí, aṣọ ló ń jẹ́rìí sí mi.

Àmọ́ ẹ̀rí náà lè di ẹ̀rí èké. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò mọ̀ pé ṣe ni mo ń já apá padà kíákíá kí aṣọ lè dún, tí agbára ẹ̀ṣẹ́ mi sì ń dínkù. Olùkọ́ mi ló rí i. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù òkè sílẹ̀, kí n fi síńgílẹ́ẹ̀tì ṣe Heian Shodan, kata alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní ìṣísẹ̀ 21, ní ogún ìgbà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni mo mọ iṣẹ́ tí ìbàdí ń ṣe. Títí di òní, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá ra irú rẹ̀, mo máa ń ní kí ó ṣe kata láìwọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn onijúdò ni kàràté ti yá aṣọ funfun, lẹ́yìn tí Gichin Funakoshi, olùkọ́ kàràté kan, gbé kàràté láti Okinawa wá sí Tokyo ní 1922. Àwọn onijúdò máa ń di ara wọn láṣọ mú, nítorí náà ó yẹ kí tiwọn nípọn. Ìnípọn kò ṣe oníkumite, ìyẹn ẹni tó ń bá alátakò jà, láǹfààní kankan. Mo wọ èyí ja ìjà ìdánrawò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ooru rẹ̀ sì mú kí ẹsẹ̀ mi wúwo kí àkókò tó pé. Èmi kì í gba àwọn òbí nímọ̀ràn láti rà á fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Okùn ìbàdí ṣòkòtò já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó tà á fún mi kò sì dáhùn nígbà tí mo kọ̀wé sí i. Omi gbígbóná tí mo kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ sì mú kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò sún kì tó ìka méjì. Omi tútù ni mo ń lò láti ìgbà náà, ibòòji ni mo sì ń sá a sí. Orúnkún ọ̀tún ṣòkòtò náà ti ń ṣá báyìí. Irú rẹ̀ kan náà ni n ó tún rà, kí ó sáà fi ìka méjì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.