Ìwé ewì Caleb Femi, "Poor": ẹ̀yin òbí tó wà ní London, ẹ wá gbọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí ìwé ewì kan ti mú mi lọ́kàn báyìí, mo wá ní kí n má dá a jẹ. "Poor" lorúkọ ẹ̀, Caleb Femi ló kọ ọ́, Penguin ló gbé e jáde ní 2020, ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni, òun náà ló gba ẹ̀bùn Forward ti ìwé ewì àkọ́kọ́ ní 2021. Kano ni wọ́n bí i sí, ọwọ́ ìyá àgbà ló wà kó tó lọ bá àwọn òbí ẹ̀ ní London nígbà tó pé ọmọ ọdún méje. Kó tó di pé ìwé yìí jáde ó ti ṣe tíṣà ní Tottenham, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe akéwì àwọn ọ̀dọ́ London ní 2016. Torí náà kì í ṣe ẹni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ kéwì.

North Peckham Estate, àwọn ilé ìjọba kan ní South London, ló gbé dàgbà, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ìwé yẹn dá lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ South London dáadáa, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn tó ya àwòrán ilé yẹn láyé ọjọ́un rò pé ọgbọ́n ńlá làwọn dá, wọ́n fi afárá so ilé mọ́ ilé lókè kí èèyàn lè máa rìn láti ìkangun kan sí èkejì láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá orí afárá yẹn náà ló di ibi tí àwọn olè ń sá gbà. Inú ẹ́síteètì yẹn ni wọ́n ti pa Damilola Taylor ní November 2000, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ tí ò tíì pé oṣù mélòó kan tó ti Èkó dé. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti sunkún ọmọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ni Caleb Femi lọ́dún yẹn, ní ẹ́síteètì kan náà. Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, wọ́n ti kọ́ tuntun, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé yìí ni pé ó ń ki àwọn ọmọ tí ẹnì kankan ò kì rí. Àwa Yorùbá, kò sí ohun tí a ò ní oríkì fún, a ń ki ìlú, a ń ki ilé, a ń ki ẹran inú igbó, a tiẹ̀ ń ki iṣu àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ta ló ti ki ọmọkùnrin tó wọ hoodie tó dúró sídìí lífíìtì láṣàálẹ́? Ojú la máa ń fi bú wọn tí a bá ń kọjá. Femi wá dúró, ó kì wọ́n. Ó ki ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rìn, ó ki bàtà ẹsẹ̀ wọn, ó ki bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó tún ki kọnkéré tí wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Kọnkéré yẹn, orí ẹ̀ ló ń padà sí ṣáá nínú ìwé náà. Ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ya àwòrán ilé ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbé inú ilé náà á wá sọ tiẹ̀, ẹ ó rí i pé ilé kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Síbẹ̀ kò kọ ọ́ bí ẹni tó kórìíra ibẹ̀. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an ni, ibẹ̀ nilé ẹ̀, ohun tó sì mú kí ewì náà ká mi lára nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí èyí tí wọ́n ń pè ní "Thirteen", torí tí ẹ ò bá tiẹ̀ ní ka òmíràn, ẹ ka ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń lọ sílé, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù kó délé, ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n ní ẹnì kan jalè, wọ́n ní ó jọ ọkùnrin tí àwọn ń wá. Ọkùnrin o! Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá lòun. Ó wá wo ojú ọlọ́pàá kejì, ó rí i pé òun mọ̀ ọ́n, ọlọ́pàá yẹn ló wá sílé ìwé wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní praimárì, òun ló dúró síwájú gbogbo wọn tó ní ìràwọ̀ ni gbogbo wọn, irú ìràwọ̀ tó ń tàn jù lọ, "supernova". Ọmọ náà fẹ́ rán an létí. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìràwọ̀ mọ̀ pé irú èyí tí ọlọ́pàá yẹn dárúkọ, ó ti ń kú lọ ló fi ń tàn bẹ́ẹ̀. Femi ò pariwo, kò bú ọlọ́pàá kankan, "ìwọ" ló fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́la, ìwọ tó ń kà á lo máa wá di ọmọ yẹn. Mo kà á tán mo kàn gbé ìwé sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ akéwì lásán ni. Láàárín April 2019 sí March 2020, àkọsílẹ̀ ìjọba fúnra wọn fi hàn pé nínú 1,000 aláwọ̀ dúdú ní England àti Wales, ìgbà 54 làwọn ọlọ́pàá dá wọn dúró tú ara wọn, nínú 1,000 òyìnbó ìgbà 6 ni. Ọdún 2020 yẹn náà ni ìwé yìí jáde.

Àwa òbí mọ̀ ọ́n, ó kàn jẹ́ pé a kì í jókòó sọ ọ́ dáadáa ni. Tí ọmọ bá ti ń ga, kíá a ti bẹ̀rẹ̀, má wọ hoodie, yọ ọwọ́ kúrò lápò, má sáré tó o bá rí ọlọ́pàá, má bá àwọn ọmọ ẹ́síteètì rìn, bẹ́ẹ̀ ẹ́síteètì náà làwa fúnra wa ń gbé. Tó bá wá le tán, a ó ní a máa gbé e lọ sí bọ́dìńgì ní Nàìjíríà. Mi ò sọ pé kò dáa o, ẹ̀rù ló ń bà wá, ẹni tó bá gbọ́ ohun tó ṣe Damilola ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà á. Ṣùgbọ́n ìwé yìí fi hàn mí pé ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, ẹ̀rù tiẹ̀ tún pọ̀ ju tiwa lọ torí kò lè sọ ọ́ nílé, ìdí nìyẹn tó fi ń fara mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lábẹ́ ilé. Mi ò ka ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ báyìí rí.

Ẹ ó tún gbọ́ ohùn Bíbélì nínú ewì ẹ̀ dáadáa. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwọn ará Yunifásítì Roehampton ṣe ìwádìí kan ní 2013, ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú 240 ni wọ́n kà ní Southwark níbi tí Peckham wà, Southwark nìkan ṣoṣo o! Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀, ìwàásù á ti wọ̀ ọ́ lára.

Fọ́tò wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú, òun fúnra ẹ̀ ló yà wọ́n, àwọn ọmọkùnrin àti ilé tó yí wọn ká. Wọ́n dáa débi pé tẹ́ ẹ bá ka ewì kan tán ẹ ó fẹ́ padà lọ wo ojú àwọn ọmọ yẹn. Torí náà ẹ má rà á sórí Kindle, ẹ ra ìwé gidi.

Àléébù ẹ̀ ńkọ́? Ó ní. Ìkíní, gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ìgboro London pọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó bá ti lé láàádọ́ta ọdún tàbí tó ń gbé ní Ìbàdàn á ní láti wá ọmọ kékeré kan tó máa tú u fún un, àwọn ewì kan sì wà láàárín ìwé tí mo kà lákàtúnkà tí wọn ò ṣí sílẹ̀ fún mi, ó dà bíi pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìkan ló kọ ọ́ fún. Ìkejì, àwọn ọmọbìnrin dà? Àwọn ọmọbìnrin náà gbé ẹ́síteètì yẹn, wọ́n gun àtẹ̀gùn yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú ìwé yìí. Èyí dùn mí díẹ̀, torí ẹni tó ní ojú tó báyìí, ì bá ti ríran rí wọn.

Ó ti kọ ìkejì báyìí, "The Wickedest", ó jáde ní 2024, ọ̀rọ̀ pátì alẹ́ kan ni ìyẹn dá lé, ó sì dùn, ṣùgbọ́n "Poor" ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ò nípọn. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọkùnrin tó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, ẹ má kàn jù ú sí i lọ́wọ́ o, ọ̀rọ̀ tó le wà nínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kà á, kẹ́ ẹ wá pè é jókòó, kẹ́ ẹ ṣí "Thirteen" fún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ka èyí tó kù fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti kà á níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ èyí tó mú yín jù fún mi, torí mo ṣì ń wá ẹni tí a jọ máa sọ ọ́.