Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ọgbà ara ògiri káàkiri Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tó ń kọ́lé tàbí tó ń tún pálọ̀ ṣe lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó ọgbà ara ògiri lórí WhatsApp: ewé àti òdòdó tí wọ́n tò sára ògiri inú ilé láti ìsàlẹ̀ dókè. Gbogbo owó ló máa ń gbà ṣáájú, lórí MoMo. Ó ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀gánlá, ó gba 180.000 sẹ́fà. Oṣù kan kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi rọ. Látìgbà náà, kò gbé fóònù mọ́.

Èmi ni mo tú ọgbà náà. Mo fa ewé àkọ́kọ́, ó yọ bọ́rọ́ bí abẹ́rẹ́ tó yọ lára aṣọ. Kò sí gbòǹgbò kankan nídìí rẹ̀. Ẹ̀ka lásán ni, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, tí wọ́n kì bọ inú fóòmù tútù. Mo ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Èyí tó pupa tó ń dán, mo fi àtàǹpàkò ra á, ọ̀dà pupa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ewé aláwọ̀ ewé lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ. Ẹni tó bá fi ọ̀dà bò ó ti pa á. Fóòmù yẹn sì lẹ̀ mọ́ ògiri tààrà, kò sí ike, kò sí ọ̀rá láàárín. Nígbà tá a ká a kúrò, ògiri ti wú, ó ti bu, ó dúdú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Àtúnṣe ògiri nìkan, owó ńlá ni.

Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀tàn yìí rí èèyàn mú ni pé ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, bó bá ti rí omi nídìí, ó lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kó tó rọ, ẹni tó tà á ti lọ. Òótọ́ ni pé pothos, ewé tó máa ń fà tó rí bí ọkàn yẹn, máa ń ta gbòǹgbò bí a bá ki ẹ̀ka rẹ̀ bọ omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ máa dúró kí gbòǹgbò jáde kó tó tà á.

Ẹ wo àwọn fọ́tò tí ọkùnrin náà ń fi ránṣẹ́ dáadáa. Ọ̀kan tó pè ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ní Kútọnu, ògiri Musée du quai Branly, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Paris, ni. Patrick Blanc, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ló ṣe é, ìta gbangba ló sì wà. Ẹ fi fọ́tò yòówù sínú Google, ẹ máa rí ibi tó ti wá. Bí Blanc ṣe ń ṣe é gan-an tó láti fi dá ayédèrú mọ̀: férémù irin ló máa ń kọ́kọ́ gbé dúró, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, pátákó ike PVC tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 1 á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ polyamide tí kì í jẹrà, inú rẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà. Omi tó ní oúnjẹ ewéko á máa ṣàn láti òkè, gọ́tà á gbà á nísàlẹ̀. Tilé yín kò ní láti tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ omi kò gbọdọ̀ kan ògiri, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, kó rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi ọkùnrin náà níbi tí omi máa gbà jáde, èsì rẹ̀ ni pé, “Màmá, ewé yìí kì í mu omi púpọ̀.”

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ó ń sọ fún àwọn ìyá pé ọgbà yìí ń fọ afẹ́fẹ́ ilé, pé ọmọ tó ní ikọ́ fée kò ní nílò oògùn mọ́. Irọ́ ni! Ìwádìí NASA, iléeṣẹ́ òfuurufú Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 ni irú wọn máa ń tọ́ka sí, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti ṣe ìyẹn. Ní 2019, àwọn olùwádìí méjì, Cummings àti Waring, ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà, yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé kí ewé tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láti ìta ń ṣe, ó máa gba ìkòkò 10 sí 1.000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ilẹ̀ yàrá. Ẹ má torí ọgbà dá oògùn ọmọ dúró.

Ọkùnrin yìí tún gbé ewéko kan tó ń jẹ́ Dieffenbachia sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí ọwọ́ ọmọ kékeré tó. Bí ọmọ bá jẹ ewé yẹn, ètè àti ahọ́n rẹ̀ á máa ta á, á sì wú. Ajẹ́-kò-bàlé tó nífẹ̀ẹ́ oòrùn ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe é, ó dáa, ọgbà gidi lẹ́wà. Ẹ lọ síbi tí ẹni tó máa ṣe é fún yín ti ń gbin ewé rẹ̀, ẹ má jókòó sílé gba fọ́tò. Ẹ yí ìkòkò kọ̀ọ̀kan dà, kí ẹ rí gbòǹgbò nídìí rẹ̀. Ẹ san díẹ̀, kí ìyókù dúró títí ewé tuntun á fi yọ. Bó bá kọ̀, ẹ gba ibòmíì lọ, àwọn olùgbìn tó mọṣẹ́ pọ̀ nílùú yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó fún un, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yín rẹ́, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí MoMo, kí ẹ sì ya fọ́tò ògiri kẹ́ ẹ tó tú u. Code du numérique, òfin ilẹ̀ Benin wa lórí ọ̀rọ̀ ayélujára, ti ọdún 2018, ka irú ẹ̀tàn orí fóònù bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí kọmísáríà tó sún mọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi tirẹ̀ sùn. Bí a bá pọ̀, wọ́n máa tètè dá wa lóhùn.